Télọ̀ Tó Ní Kí N Na Ọwọ́ Sókè

Ní Òkè-Bọ́lá, nílùú Ìbàdàn, télọ̀ àgbàlagbà kan wà tó rán bùbá àti ṣòkòtò fún mi lọ́dún tó kọjá. ₦12,000 ni mo san fún owó iṣẹ́. Aṣọ náà pẹ́ kó tó jáde, màá sọ bó ṣe pẹ́ tó tí mo bá débẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí mo ti ń wọ aṣọ, bàbá yìí lẹni àkọ́kọ́ tó wo ara mi dáadáa kó tó mú àlùmọ́gàjí. Ìdí tí mo fi jókòó kọ ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn, torí mo mọ̀ pé àwọn ọ̀dọ́kùnrin bíi tèmi pọ̀ tí wọ́n ń náwó sí aṣọ tí aṣọ kò sì yẹ wọ́n.

Bàbá ní kí n má dárúkọ òun. Ó ní iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ ti pọ̀ ju ọwọ́ tó ń ṣe é lọ. Ẹni tó bá dé Òkè-Bọ́lá tó béèrè télọ̀ àgbà tí kì í lẹ kàlẹ́ńdà sítáì mọ́ ògiri, wọ́n á júwe rẹ̀ fún un.

Ọmọ ọdún 27 ni mí. Mo ga, mo tínrín, apá mi gùn. Ìtàn ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ níléèwé girama. Kí n tó mọ bàbá, mo kó gbogbo aṣọ mi sórí bẹ́ẹ̀dì lọ́jọ́ Sátidé kan, mo kà wọ́n, 31 ni wọ́n. Aṣọ ẹbí mẹ́sàn-án wà níbẹ̀ tí mo wọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ṣẹ́ẹ̀tì tí ẹ̀gbọ́n mi fún mi wà níbẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi sì fẹ̀ jù mí lọ fíìfíì. Jíńsì mẹ́fà tí mo ṣà ní bosikọ́nà nítorí pé wọ́n pọ́ọ́kú wà níbẹ̀. Mẹ́rin péré ni mo lè wọ̀ jáde kí ọkàn mi balẹ̀. Ó dùn mí. Owó oṣù tíṣà kì í ṣe owó tí à ń fi ṣeré, mo sì ti ná an sórí aṣọ tí mo ń wọ̀ bí ẹni tó yá a.

Láti kékeré la ti ń gbọ́ ọ pé aṣọ là ń kí ká tó kí ènìyàn, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó jókòó tì wá láti kọ́ wa bí a ṣe ń mọ aṣọ tó yẹni. Nígbà tí a wà lọ́mọdé, ìyá wa ló ń rà á. Nígbà tí a dàgbà, ẹgbẹ́ ló ń yàn án fún wa: bí sẹ́nátọ̀ bá lòde, gbogbo wa la ó wọ sẹ́nátọ̀; bí ṣòkòtò tó fún mọ́ ẹsẹ̀ bá lòde, gbogbo wa la ó kó ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, ẹlẹ́sẹ̀ tínrín, ẹlẹ́sẹ̀ ńlá.

Èyí tó dùn mí jù nínú àwọn 31 yẹn ni sẹ́nátọ̀ aláwọ̀ aró kan tí mo rà lọ́wọ́ ẹnì kan tó ń tajà lórí fóònù, ₦35,000. Nínú fọ́tò, ó gún régé. Mo wọ̀ ọ́ lọ síṣẹ́ lọ́jọ́ Mọ́ńdè, mo na ọwọ́ láti kọ ọjọ́ sókè pátákó níwájú àwọn ọmọ SS2, mo sì gbọ́ “fàà” lábíyá ọ̀tún. Kíláàsì dákẹ́. Ọmọkùnrin kan tó jókòó síwájú bọ́ súwẹ́tà rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún mi láìsọ̀rọ̀. Títí ayé ni n ó máa rántí ọmọ yẹn. Mo pe ẹni tó tà á fún mi, ó ní mo ti wọ̀ ọ́, òun kò lè gbà á padà.

Ẹ̀gbọ́n kan tó ń kọ́ wọn ní ìṣirò níléèwé wa ló mú mi lọ sọ́dọ̀ bàbá lọ́sẹ̀ yẹn. Òun fúnra rẹ̀ kì í wọ ju bùbá funfun àti bùbá aláwọ̀ erùpẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n bó bá wọlé, ojú á yà sí i. Èrò mi tẹ́lẹ̀ ni pé ara rẹ̀ ló gba aṣọ. Àṣé télọ̀ wà nídìí ọ̀rọ̀.

Ṣọ́ọ̀bù náà kò tóbi. Ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ méjì, tábìlì gígùn kan tí wọ́n ń gé aṣọ lórí rẹ̀, áyọ́ọ̀nù eléèédú tí wọ́n ń lò bí iná bá lọ, dígí tó ga tó ènìyàn. Ọmọṣẹ́ méjì ló wà níbẹ̀, ọkùnrin kan, obìnrin kan. A kí wọn kú iṣẹ́. Mo yọ fóònù, mo fi fọ́tò sítáì kan han bàbá. Ó wo fọ́tò náà pẹ́, ó dá fóònù padà fún mi.

“Aṣọ yìí dára lára ẹni tó wọ̀ ọ́,” ló wí. “Ẹni yìí láyà, èjìká rẹ̀ gba ilẹ̀. Bí mo bá rán an bẹ́ẹ̀, òun ni mo rán an fún. Iṣẹ́ wo lò ń ṣe?”

Mo ní tíṣà ni mí.

“Na ọwọ́ sókè bí ẹni tó ń kọ nǹkan sí pátákó.”

Mo nawọ́. Ó fi téèpù wọ̀n mí láti abíyá dé ìbàdí bí mo ṣe nawọ́ yẹn, ó ní kí n sọ ọ́ kalẹ̀, ó tún un wọ̀n. Ó ní kí n jókòó, ó wọn itan mi ní ìjókòó. Ó ní kí n bẹ̀rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ mú ìwé nílẹ̀, ó wọn ẹ̀yìn mi láti ọrùn dé ìdí. Ọmọṣẹ́ obìnrin ń kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé àjákọ tí etí rẹ̀ ti gbó. Mo ka nọ́ńbà náà lójú ìwé: 14. Àwọn télọ̀ tó ti rán aṣọ fún mi rí, bí wọ́n bá wọn èjìká, apá, gígùn àti ìbàdí, ó parí.

Ó wá dúró sẹ́yìn mi, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì lé mi léjìká. “Èjìká ọ̀tún rẹ rẹlẹ̀ ju tòsì lọ, Tíṣà. Ọ̀tún lo máa ń fi báàgì kọ́.” Òótọ́ ni. Ọdún mélòó ni mo ti ń wo ara mi nínú dígí, n kò rí i. Ìdí nìyẹn tí ọrùn gbogbo ṣẹ́ẹ̀tì mi fi máa ń wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, tí mo sì rò pé aṣọ ló burú.

Ó ní kí n lọ ra aṣọ òwú yáàdì mẹ́rin, kó rọ̀, kó má dán. “Má ra gínnì. Ara rẹ tínrín, gínnì le. Aṣọ á dúró lọ́tọ̀, ìwọ náà á dúró lọ́tọ̀.” Mo bi í léèrè àwọ̀ tó yẹ kí n rà. Ó ní àwọ̀ wo ni mo máa ń wò pẹ́ bí mo bá ń kọjá lọ́jà? Mo ní aró. Ó ní ṣé mo ti rí ìdáhùn.

Bí mo ṣe dé Ìtòkú, ọjà àdìrẹ ní Abẹ́òkúta, nìyẹn. Gbogbo ẹni tó bá fẹ́ra àdìrẹ ló yẹ kó lọ sí Abẹ́òkúta lẹ́ẹ̀kan ó kéré tán, kó fi ojú ara rẹ̀ rí i. Láti ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti ta aṣọ sórí igi, àwọ̀ oríṣiríṣi ń jó lójú. Èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀ lónìí ni kàńpálà, tí wọ́n ń fi àbẹ́là yíyọ́ ṣe ọnà rẹ̀, tí wọ́n sì ń fi aró òyìnbó pa láró. Kàńpálà kò burú, ó sì dára lára ẹni tó fẹ́ràn àwọ̀ tó ń tàn. Ohun tí èmi wá ni aṣọ aláró tó dúdú bí òjò tó ṣú.

Mo rìn títí mo fi dé ọ̀dọ̀ ìyá àgbà kan tí ìka rẹ̀ dúdú dé oríkèé. Mo ní “Àrẹdú o!” Ojú rẹ̀ là. Ó bi mí pé ta ló kọ́ mi ní ìkíni yẹn, mo ní ìyá ìyá mi ni. Ó ní kí n jókòó, ó fa àpótí sún mọ́ mi, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú aṣọ sílẹ̀.

Ohun tó kọ́ mi láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ yẹn ti gbà mí lọ́wọ́ ẹ̀tàn púpọ̀. Àdìrẹ oníko, tí wọ́n fi ìko dì kí wọ́n tó rẹ ẹ́, àti alábẹ́rẹ́, tí wọ́n fi òwú rán pọ̀, ojú àti ẹ̀yìn wọn máa ń jọra, torí aró wọnú wọn jálẹ̀. Ẹlẹ́kọ, ojú kan ni wọ́n ń fi ìyẹ́ adìẹ ya ẹ̀kọ sí, nítorí náà ẹ̀yìn rẹ̀ á dúdú ju ojú lọ. Bí o bá wá yí aṣọ dà tí ẹ̀yìn rẹ̀ funfun ràkọ̀ràkọ̀ bí ìwé tí yíǹkì kò là kọjá, ẹ̀rọ ló tẹ̀ ẹ́, kì í ṣe àdìrẹ, ohun yòówù kí ẹni tó ń tà á sọ. Ó yí tirẹ̀ dà fún mi lọ́kọ̀ọ̀kan, kò fipá rọ̀ mí pé kí n rà á.

Ó tún ní kí n yọ áńkáṣíìfù mi. Ó ta omi sí i, ó fi ra etí aṣọ náà. Àwọ̀ aró díẹ̀ ràn án, kò pọ̀. “Èyí á ṣí lẹ́ẹ̀mejì, á sinmi,” ló wí. Bó ṣe ń ra áńkáṣíìfù yẹn, mo rántí ohun tí mo máa ń kọ́ àwọn ọmọ ní kíláàsì. Láàárín ọdún 1930 sí 1939, àwọn aláró Abẹ́òkúta ń lo kọ́síìkì sódà àti aró òyìnbó, torí ó yá ju aró ẹ̀lú lọ. Àwọn oníbàárà wá ń ké pé aṣọ ń ṣí. Ọ̀rọ̀ náà dé ààfin, Aláké Ládàpọ̀ Adémọ́lá Kejì fòfin dè é, àwọn obìnrin aláró sì bá a fà á gan-an, torí oúnjẹ wọn ni. Bí mo bá ń sọ ọ́ ní kíláàsì, ìtàn ni. Níbẹ̀ lórí àpótí, mo rí i pé oníbàárà tó ń ké nígbà yẹn, èmi gan-an ni. Ẹni tó ń jẹun nínú aró náà, ìyá tó jókòó síwájú mi ni.

Ó pe oníko yáàdì mẹ́rin ní ₦26,000. A ná an, a ná an, ó fi sílẹ̀ ní ₦20,000, ó sì fún mi ní ìmọ̀ràn ọ̀fẹ́: kí n rẹ ẹ́ sínú omi tútù tó níyọ̀ mọ́jú, kí n fọ̀ ọ́ lọ́tọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta àkọ́kọ́, kí n sá a síbi òjìji, kí n má sá a sóòrùn. Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Lẹ́ẹ̀kẹta, omi mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n padà sí Òkè-Bọ́lá. Ọjọ́ mẹ́wàá ni bàbá dá fún mi. Ọjọ́ mẹ́rìnlélógún ló lò. Lẹ́ẹ̀mejì ni mo lọ tí wọ́n ní kí n padà wá lọ́la, ìgbà kejì sì jẹ́ ọjọ́ òjò. Mo bínú, mo sì sọ ọ́ fún un pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ó bẹ̀ mí, ó ní aṣọ ìsìnkú kan ló já lu òun. Bí ẹ bá ní ìnáwó tó sún mọ́lé, ẹ má gbé aṣọ lọ síbẹ̀. Mo tún un sọ: ẹ má gbé e lọ. Ẹ gbé e lọ nígbà tí kò sí ohun tó ń lé yín.

Kó tó rán an parí, ó pè mí wá dán an wò. Òwú funfun tó fẹ̀ ló fi nà án pọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ó ní kí n tún nawọ́ sókè. Mo nawọ́, ìṣẹ́tí bùbá kò gbéra kúrò níbi tó wà. Mo wo abíyá, mo rí i pé ó fi ègé aṣọ kékeré onígun mẹ́rin kan sí abẹ́ apá kọ̀ọ̀kan, ọnà ìko inú ègé náà sì bá ti ara bùbá mu tó jẹ́ pé bí n kò bá wá a, n kò ní rí i. Ègé kékeré yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà. Òun ni kì í jẹ́ kí apá fa ara aṣọ. Mo bi í pé ta ló kọ́ ọ. Ó ní ọ̀gá òun ni, pé láyé àtijọ́ ẹni tó ń roko ló ń wọ aṣọ, télọ̀ kò sì lè rán aṣọ tí kò ní jẹ́ kí ènìyàn gbé ọkọ́.

Ọrùn aṣọ náà, ó gé e kí apá ọ̀tún rẹlẹ̀ díẹ̀ ju tòsì lọ, kó bá èjìká mi mu. Bí ẹ bá tẹ́ bùbá náà sórí tábìlì, ẹ ó rò pé ó wọ́. Lára mi, ó gún. Gígùn rẹ̀ parí sí ìdí itan, kò dé orúnkún. Ṣòkòtò kò fún, kò sì sọ kẹ̀ǹbẹ̀. Ó wálẹ̀ gbọọrọ dé ọrùn ẹsẹ̀. Àpò wà lójú rírán ẹ̀gbẹ́, ó jìn tó láti gba fóònù àti máákà méjì, kò sì hù síta.

Mo wọ̀ ọ́ lọ síṣẹ́ lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Mo kọ ọjọ́ sókè pátákó. Mo kọ àkòrí. Mo kọ ìlà mẹ́wàá láti òkè dé ìsàlẹ̀, n kò rántí pé mo wọ aṣọ. Ìgbà tí mo dé yàrá àwọn tíṣà tí mo mu omi ni mo tó rántí.

Nílé, ìyá mi wò mí láti ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, kò kọ́kọ́ sọ nǹkan kan. Ó wá ní, “Bàbá rẹ ló wọlé yìí.”

Látìgbà náà, bàbá ti rán aṣọ mẹ́rin mìíràn fún mi: ṣẹ́ẹ̀tì alápá kékeré méjì, ₦7,000 lọ́kọ̀ọ̀kan, dàńṣíkí kan, ₦6,000, bùbá òwú funfun kan tí mo ń wọ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi. Nínú àwọn 31 yẹn, mo ti kó 19 fún àwọn tí ó bá lára mu. Mo ti mọ̀ báyìí pé aró, funfun àti àwọ̀ obì ni tèmi, pé aṣọ tó bá ń dán kì í ṣe tèmi, pé sálúbàtà aláwọ máa ń bá mi lọ ju bàtà tó bo ẹsẹ̀ lọ. Fìlà abetí-ajá kò yẹ mí, ojú mi gùn. Gọ̀bì kékeré ló yẹ mí. N kò wo ohun tó lòde mọ́ kí n tó mọ ohun tó yẹ mí.

Kí n sọ àléébù tó kù. Bàbá kì í rán súùtù, ẹ má wulẹ̀ béèrè. Kì í ṣiṣẹ́ láti inú fọ́tò, ọ̀rọ̀ yìí sì ti lé ọ̀rẹ́ mi kan padà. Kì í fúnni ní rìsíìtì; orúkọ rẹ nínú ìwé àjákọ yẹn ni ẹ̀rí, nítorí náà ẹ rí i dájú pé wọ́n kọ iye tí ẹ san síbẹ̀. Ihò bọ́tìnnì kan lára ṣẹ́ẹ̀tì mi tú lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ọmọṣẹ́ ló ṣe é. Bàbá tún un ṣe lójú mi, kò gba kọ́bọ̀, ó sì pe ọmọṣẹ́ náà wá wò ó bó ṣe ń ṣe é, ohùn rẹ̀ kò ga.

Oṣù tó kọjá ni mo gbé agbádá bàbá mi lọ bá a. Ẹtù ni, aṣọ òfì aláró. Bàbá mi ti sùn láti ọdún 2019, inú àpótí ni aṣọ náà wà. Ó fẹ̀ jù mí lọ, ọrùn rẹ̀ sì ti ya. Èrò mi ni pé kí bàbá gé e, kó fi rán ẹ̀wù kékeré tí mo lè wọ̀ lójoojúmọ́. Mo rò pé ohun dáadáa ni mo fẹ́ ṣe, kí aṣọ má kàn jókòó sínú àpótí.

Ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì. Ó ní kí àwọn ọmọṣẹ́ dá ẹ̀rọ dúró. Ó fi ìka tọ ibi tí wọ́n ti fi ọwọ́ so ojú aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ náà mọ́ra, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, láti etí dé etí, bí ẹni tó ń kàwé. Ó pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀.

“Dàńdógó kọjá ẹ̀wù àbínúdá, Tíṣà. Lọ bi ìyá rẹ.”

Mo bi ìyá mi. Ó ní Ìsẹ́yìn ni wọ́n ti hun ún, fún ìgbéyàwó àwọn méjèèjì, lọ́dún 1991, pé òun àti bàbá mi jọ lọ sọ́dọ̀ ahunṣọ lẹ́ẹ̀mẹta. N kò gbọ́ ọ rí. Mo padà lọ sọ fún bàbá. Ó ní òun á tún ọrùn ṣe, òun á sì ká èjìká méjèèjì sínú láìfi àlùmọ́gàjí kàn án; bí mo bá sanra lọ́jọ́ iwájú, kí n gbé e wá, òun tàbí ọmọṣẹ́ òun á tú u sílẹ̀.

Mo yà síbẹ̀ lọ́jọ́ Tọ́sìdeè. Ó fi aṣọ funfun bò ó lára ìkọ́ lẹ́yìn dígí. Nínú ìwé àjákọ, lábẹ́ orúkọ mi, ọmọṣẹ́ obìnrin ti kọ ọ́ gàdàgbà: “Agbádá bàbá Tíṣà. Ẹ má gé.”